Màlúù Inú "Vaccine"

Ní ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn St George's, ní Tooting lápá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, awọ màlúù kan wà lára ògiri. Kì í ṣe awọ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe bàtà tàbí tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìlù. Màlúù tó ni ín ní orúkọ. Blossom ni wọ́n ń pè é, ó sì ti kú láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Wọ́n tọ́jú awọ rẹ̀ nítorí pé ọmú rẹ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ayé ń pè lónìí: vaccine.

Vacca ni àwọn tó ń sọ èdè Látìnì ń pe abo màlúù. Ohun tó bá sì jẹ mọ́ màlúù, vaccinus ni. Ẹni tó bá ní òun lọ gba vaccine láàárọ̀ yìí, bí a bá tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé gbòǹgbò, ohun màlúù ló ní òun lọ gbà. Bẹ́ẹ̀ kò sí màlúù nínú ìgò kékeré tí nọ́ọ̀sì fa oògùn inú rẹ̀ sínú sírínjì. Báwo ni màlúù ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ náà? Kí ló dé tí kò jáde mọ́? Kí sì ni àwọn èdè mìíràn, títí kan Yorùbá, ń pe ohun kan náà?

Igi ló ṣáájú màlúù. Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ vaccine rí, inoculation ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ, lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n sì ti yá a. Oculus ni ojú ní Látìnì. Ojú náà ni wọ́n ń pe ibi tí ọ̀mùnú tuntun ti ń yọ lára igi, gan-an bí àgbẹ̀ Yorùbá ṣe ń sọ pé ojú iṣu, ojú ìrèké. Inoculare ni kí àgbẹ̀ gé ojú igi kan, kó lọ́ ọ sára igi mìíràn, kó sì máa hù níbẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn ń mú ọyún tàbí èépá lára ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná ń dà láàmú, tí wọ́n ń fi í sójú gbẹ́rẹ́ lára ẹni tí kò tíì mú, kí àìsàn náà lè ṣe é díẹ̀ báyìí kó má baà pa á lọ́la, ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ yìí ló wọ̀ wọ́n lójú.

Kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọgbọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1717, Lady Mary Wortley Montagu, ìyàwó aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Tọ́kì, kọ lẹ́tà sílé nípa àwọn ìyá àgbà tó ń gbé èépo èso tí ọyún ṣọ̀pọ̀ná kún inú rẹ̀ wá, tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn pé iṣan wo ló fẹ́ kí wọ́n là, tí wọ́n ń fi orí abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ sí i, tí wọ́n sì ń dì í. Àìsàn yìí kan náà ti ba ojú tirẹ̀ jẹ́ rí. Ní ọdún 1718 ó ní kí wọ́n ṣe é fún ọmọkùnrin rẹ̀ níbẹ̀, ó sì tún ṣe é fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1721.

Ọdún 1721 yẹn náà ni ṣọ̀pọ̀ná jà ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ Cotton Mather ní ẹrú kan tó ti Áfíríkà wá, Onesimus ni wọ́n sọ ọ́. Mather ti bi í tẹ́lẹ̀ bóyá ṣọ̀pọ̀ná ti ṣe é rí. Onesimus dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ sì ni. Ó ṣàlàyé pé wọ́n ti fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sí òun lára nílé, pé ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún kò ní bẹ̀rù rẹ̀ mọ́, ó sì fi àpá rẹ̀ hàn án lára apá. Ọ̀rọ̀ ẹrú yìí ló ki Mather láyà tó fi rọ àwọn dókítà ìlú pé kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà, Zabdiel Boylston, ó sì kọ́kọ́ ṣe é fún ọmọ tirẹ̀. Inú bí àwọn ará ìlú débi pé wọ́n ju àdó olóró sínú ilé pásítọ̀. Ó tọ́ kí a máa dárúkọ Onesimus nígbà tí a bá ń sọ ìtàn yìí. Ọgbọ́n tí wọ́n lò ní Boston lọ́dún yẹn, orí ọkọ̀ ẹrú ló bá wá.

Àléébù ọ̀nà náà ni pé ṣọ̀pọ̀ná gidi ni wọ́n ń fi sí èèyàn lára. Ó ń pa àwọn díẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì ṣe é fún lè kó o ran ará ilé.

Ibí ni màlúù ti wọlé.

Àwọn tó ń sin màlúù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ̀ tipẹ́ pé àwọn ọmọge tó ń fún wàrà kì í sábà ní ojú ṣọ̀pọ̀ná. Àrùn kan ń ṣe màlúù lọ́mú, ó máa ń ran ọwọ́ ẹni tó ń fún wàrà, á léròrò, á sì lọ. Ẹni tó bá ti ṣe, ṣọ̀pọ̀ná kì í bá a jà mọ́. Ní ọdún 1774, àgbẹ̀ kan ní Yetminster, Benjamin Jesty, mú ìmọ̀ yìí lò. Ó mú ọyún lára màlúù, ó fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ fi í sára ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin méjì. Àwọn aládùúgbò bú u. Jesty kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò sì sọ ohun tó ṣe lórúkọ.

Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ni Edward Jenner, dókítà ní Berkeley ní Gloucestershire. Lọ́jọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1796, ọmọge kan tó ń jẹ́ Sarah Nelmes wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gún ti ha á lọ́wọ́, ibẹ̀ sì ni àrùn màlúù gbà wọlé sí i lára nígbà tó ń fún wàrà Blossom. Jenner mú omi egbò ọwọ́ rẹ̀. Ó pe James Phipps, ọmọ ọdún 8, ọmọ ẹni tó ń tọ́jú ọgbà rẹ̀. Ó sín gbẹ́rẹ́ méjì sí i lápá, èyí tí kò jìn ju awọ lọ, tí ìkọ̀ọ̀kan kò gùn ju ìdajì ínǹṣì, ó sì fi omi egbò náà sí i. Nígbà tó di ọjọ́ keje, abíyá ń ro ọmọ náà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án òtútù mú un díẹ̀, orí ń fọ́ ọ, oúnjẹ ò wù ú. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ara rẹ̀ ti yá. Lọ́jọ́ 1 oṣù Keje, Jenner mú ọyún ṣọ̀pọ̀ná gidi, ó fi sí ọmọ náà lára. Kò sóhun tó ṣe é. Lóde òní, kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí yóò gbà kí dókítà dán irú èyí wò lára ọmọ ọlọ́mọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ìwé tó kọ nípa rẹ̀ kò rí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ ní Royal Society, nítorí náà ó fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní 1798. Orúkọ Látìnì tó fún àrùn náà ni variolae vaccinae. Variola ni ṣọ̀pọ̀ná, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ohun alámì tótòtó. Vaccinae ni "ti màlúù". Ṣọ̀pọ̀ná ti màlúù ló sọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Vaccinae kàn ń ṣàpèjúwe irú ṣọ̀pọ̀ná tí ó jẹ́ ni. Àmọ́ ní ọdún 1800, ọ̀rẹ́ Jenner kan, Richard Dunning, tó jẹ́ dókítà ní Plymouth, tẹ ìwé tó ti pe iṣẹ́ náà ní vaccination. Ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe ti gbé ọ̀rọ̀ tó ń bá rìn mì, bí ìgbà tí àmàlà láfún di láfún lásán lẹ́nu ẹni tó ń ra oúnjẹ. Ṣọ̀pọ̀ná jáde nínú orúkọ náà, màlúù nìkan ló kù síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sì dá ẹ̀rù sílẹ̀. Ní 1802, James Gillray ya àwòrán kan tó tàn kálẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Jenner dúró láàárín, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré sín gbẹ́rẹ́ fún obìnrin kan, àwọn tó ti gbà á ṣáájú sì ń hu màlúù: màlúù ń yọ lápá ẹnì kan, òmíràn ń yọ lẹ́nu, ìwo ń hù níwájú orí. Àwọn tó rẹ́rìn-ín sí àwòrán náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn kan gbà á gbọ́. Ó ṣòro láti rò pé irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ì bá gbilẹ̀ tó báyẹn ká ní Dunning ti fi orúkọ tí kò ní ẹran ọ̀sìn nínú pe iṣẹ́ náà.

Orúkọ náà rìn jìnnà pẹ̀lú oògùn náà. Kò sí fíríìjì nígbà yẹn. Omi egbò náà kì í pẹ́ kú, ara èèyàn ni wọ́n sì ń gbé e láàyè. Lóṣù Kọkànlá ọdún 1803, ọkọ̀ ojú omi kan gbéra ní La Coruña ní ilẹ̀ Sípéènì lábẹ́ dókítà Francisco Javier de Balmis. Ọmọ aláìlóbìí 22 ló wà nínú rẹ̀. Bí egbò ọmọ kan bá ti gbó, wọ́n á mú omi rẹ̀ fi sára ọmọ tó kàn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi gbé e dé Amẹ́ríkà. Vacuna ni àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì ń pè é, láti ara vaca tí wọ́n ń pe màlúù títí dòní. Àwọn ará Bràsíl ní vacina, àwọn Faransé ní vaccin.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ayé ló gba màlúù. Àwọn kan dúró ti igi. Aşı ni àwọn ará Tọ́kì ń pe oògùn náà, ọ̀rọ̀ yìí kan náà sì ni wọ́n fi ń pe ẹ̀ka tí àgbẹ̀ lọ́ sára igi mìíràn. Impfen ni ti Jámánì, szczepionka ni ti Pólàǹdì, inú oko ni àwọn náà ti wá. Ní Lárúbáwá, taṭʿīm lè jẹ́ kí a lọ́ igi, ó sì lè jẹ́ kí a gba oògùn ìdènà, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ìtọ́wò ló wà ní gbòǹgbò rẹ̀. Ẹni tó ń sọ èdè Swahili ní chanjo, ìyẹn ohun tí a fi gbẹ́rẹ́ sínú ara. Haúsá ní rigakafi, Ìgbò ní ọgwụ mgbochi, ìdènà sì ni àwọn méjèèjì ń sọ: ohun tó dí ọ̀nà kí àrùn tó dé.

Bí ó bá jẹ́ pé ṣọ̀pọ̀ná nìkan ni wọ́n ń fi vaccine bá jà, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti kú pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dún 1980, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ṣọ̀pọ̀ná ti tán láyé. Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, ni kò jẹ́. Ó ti rí i pé kòkòrò tó ń pa adìyẹ, bí wọ́n bá jẹ́ kó rọ, ó ń dáàbò bo adìyẹ dípò kó pa á. Lọ́dún 1881, ní Pouilly-le-Fort ní ilẹ̀ Faransé, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn àgùntàn níwájú gbogbo èèyàn nítorí àrùn anthrax. Àwọn tó ṣe é fún yè, àwọn tí kò ṣe é fún kú. Lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn, níbi àpérò àwọn oníṣègùn àgbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní òun fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Jenner gbòòrò, kí vaccination máa jẹ́ orúkọ gbogbo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, láti fi bu ọlá fún ọkùnrin náà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ gba Joseph Meister là, ọmọ ọdún 9 tí ajá dìgbòlugi bù jẹ. Ọlá ni Pasteur fẹ́ bù fún Jenner, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ni pé ó yọ màlúù kúrò nínú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó fi í sílẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí màlúù má tilẹ̀ ni ọlá náà. Jenner fúnra rẹ̀ gbà pé ẹṣin ni àrùn náà ti ń ràn dé ara màlúù. Lọ́dún 1939, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Allan Downie, fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń lò nínú oògùn ṣọ̀pọ̀ná kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ara màlúù. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣàyẹ̀wò oògùn ṣọ̀pọ̀ná kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1902, wọ́n sì rí i pé ti ẹṣin ló sún mọ́ jù lọ. Ó lè jẹ́ pé awọ ẹṣin ló yẹ kí ó wà lára ògiri Tooting.

Èkó náà ní tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ní Yàbá, àwọn dókítà tí àjọ Rockefeller rán wá ń wá ohun tó ń fa ibà pọ́njú. Lọ́dún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òní, wọ́n fi sí ọ̀bọ kan lára, ọ̀bọ náà sì kó àìsàn. Asibi yè. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn dókítà náà, kò yè, ibà pọ́njú pa á ní Èkó lọ́dún yẹn kan náà. Láti ara fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler ti ṣe oògùn tí wọ́n ń pè ní 17D ní 1937, èyí tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1951. Inú ẹyin adìyẹ ni wọ́n ti ń ṣe é di òní olónìí. Ẹni tó bá gba ti ibà pọ́njú kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Èkó, ẹ̀jẹ̀ ará Ghana àti ẹyin adìyẹ ló wà nínú ìtàn oògùn rẹ̀, orúkọ màlúù ló sì wà lórí káàdì rẹ̀. Yàbá yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti ń ṣe oògùn bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi tì í ní 1991.

Àwọn ará ilé vaccine náà ní ìtàn tiwọn. Virus ni májèlé tàbí omi tó ń yọ̀ ní Látìnì, Jenner sì lò ó bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fojú rí kòkòrò kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Serum ni omi ara wàrà. Immunity ló yani lẹ́nu jù. Ní Róòmù àtijọ́, immunis ni ẹni tí ìlú dá sí, tí kò san owó orí, tí wọn kì í pè sí iṣẹ́ ìlú. Ara tí àìsàn kì í mú, ara tí kì í san owó orí ni.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ kan Yorùbá. Àjẹsára: ohun tí a jẹ sí ara. Kò sí ẹni tó jókòó ní ọ́fíìsì tó túmọ̀ rẹ̀ láti inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kí abẹ́rẹ́ òyìnbó tó dé. Ẹni tó fẹ́ lọ síbi tí ẹ̀rù májèlé wà á jẹ oògùn tí agbára rẹ̀ yóò máa dúró sí i lára de ọjọ́ tí ewu bá dé. Àwọn kan jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀kọ, àwọn kan sín in ní gbẹ́rẹ́. Bóyá àwọn oògùn wọ̀nyẹn ṣiṣẹ́ tàbí wọn ò ṣiṣẹ́, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èrò tó wà nínú orúkọ náà ló péye: kí a ti gbà á ṣáájú, kó wọnú ara, kó sì dúró síbẹ̀. "Jẹ" sì gbòòrò ju kí a fi eyín rún nǹkan. A ń jẹ oyè, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ èrè. Vaccine sọ ibi tí oògùn àkọ́kọ́ ti wá, kò sọ ohun tó ń ṣe. Àjẹsára sọ ohun tó ń ṣe, kò sì di ẹrù ẹranko kankan lé e lórí. Nínú gbogbo èdè tí a ti tò sókè yìí, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sún mọ́ ọ.

Ìlò rẹ̀ lónìí ló yẹ kí a tún wò. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn nílẹ̀ Yorùbá, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ohun gbogbo. Ẹni tí ibà ń ṣe gba abẹ́rẹ́, ọmọ tuntun tí ara rẹ̀ le náà gba abẹ́rẹ́. Ìyá tó gbé ọmọ tí kò ṣàìsàn wá, tí wọ́n gún un, tí ara rẹ̀ sì gbóná lálẹ́, kò burú bó bá béèrè irú ìwòsàn wo nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì lò ti sọ fún un pé ìwòsàn ni. Bí ó bá gbọ́ àjẹsára, ó ti mọ̀ pé ọjọ́ iwájú ni wọ́n ń gbára dì fún, gẹ́gẹ́ bí ìyá tirẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin láti ọdún 9 sí 14 ní àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Láàárín àwọn òbí tó ń bi ara wọn léèrè ohun tó ń jẹ́ abẹ́rẹ́ fún ọmọbìnrin tí kò ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ tó bá wọlé ṣáájú níye lórí.

Àjẹsára kan sì wà tí kò nílò abẹ́rẹ́ rárá. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tí kò ti inú oògùn wá ti tán ní Áfíríkà, Nàìjíríà ló sì kẹ́yìn nínú àwọn tó borí rẹ̀. Àwọn tó ṣiṣẹ́ náà kò ju obìnrin méjì lọ nílé kan: ọ̀kan gbé kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀ kọ́ èjìká, ìkejì mú ṣọ́ọ̀kì àti bírò lọ́wọ́. Wọ́n á kanlẹ̀kùn. Ìyá á gbé ọmọ rẹ̀ lé itan. Obìnrin tó gbé kúlà á rọra tẹ ọmọ náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì kí ẹnu rẹ̀ lè là, á kán ẹ̀kán méjì sí i láhọ́n. Ìkejì á fi bírò kun èékánná ọmọ náà, á kọ nọ́ńbà sára ògiri ẹnu ọ̀nà. Ọmọ á fún ojú pọ̀, á lá ètè, á sì gbé e mì.